Ọ̀rọ̀ Olójú Méjì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà mẹ́jọ sílẹ̀: HIJKLMNO. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ní lẹ́tà márùn-ún ni ìdáhùn rẹ̀. Kò sí àlàyé mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì lè ti rí i. Ẹni tí kò bá tíì rí i, kí ó wò ó pé H ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, O ló parí rẹ̀. Láti H dé O. Bí elédè Gẹ̀ẹ́sì bá sọ èyí lẹ́nu, "H to O" ni yóò dún, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àwọn olùkọ́ Kẹ́mísírì ṣe ń pe omi: H2O. WATER ni ìdáhùn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìdáhùn yìí, inú bí mi díẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan jókòó síbì kan, ó ronú bí òun yóò ṣe tàn mí, ó sì tàn mí lóòótọ́, síbẹ̀ èmi náà ni mò ń yìn ín. Bí oníṣòwò bá tàn mí lọ́jà, mi ò ní yìn ín. Bí olóṣèlú bá tàn wá, a ó bú u dé ilé baba rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀tàn kan fi ń dùn mọ́ni, tí òmíràn sì ń dunni? Ṣé irọ́ ni ọ̀rọ̀ olójú méjì? Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Inú eré tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crossword ni irú ìbéèrè yìí ti wá. Àpótí kéékèèké funfun àti dúdú ni wọ́n tò sínú ìwé ìròyìn. Lẹ́tà kan ni a ó kọ sínú àpótí funfun kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rọ̀ kan dùbúlẹ̀, àwọn kan dúró, ibi tí wọ́n bá ti dábùú ara wọn ni wọ́n ti ń pín lẹ́tà kan náà lò. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́, nínú ìwé ìròyìn New York World ti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913. New York Times kọ́kọ́ yọ ṣùtì sí i. Ní ọdún 1924 ó kọ ọ́ sójú ìwé pé ìfàkókòṣòfò gbáà ni. Nígbà tó di ọdún 1942, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, láti ọdún 1950 sì ni ó ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn tó bá pe nǹkan ní ìfàkókòṣòfò, ẹ má fọkàn tán wọn jù.

Ti New York Times yìí máa ń rọrùn ní ọjọ́ Ajé, ó sì máa ń le sí i títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lọ́pọ̀ ọjọ́, okùn kan ló so àwọn ìdáhùn tó gùn jù nínú rẹ̀ pọ̀, ẹni tó ṣe é kò sì ní sọ okùn náà fún ọ títí ìwọ yóò fi rí i fúnra rẹ. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká ní èmi ni mo fẹ́ ṣe ọ̀kan ní Yorùbá. Mo lè fi OJÚLÉ síbẹ̀, kí n fi ETÍDÒ, ORÍTA àti ẸNUBODÈ kún un. Ẹni tó ń kọ ọ́ lọ yóò rò pé àwọn ibi tí ènìyàn lè dúró sí nìkan ni mò ń béèrè. Ibi tí ènìyàn lè dúró sí náà sì ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tún wo ìbẹ̀rẹ̀ wọn: ojú, etí, orí, ẹnu. Mi ò parọ́ fún un níbì kankan. Mo kàn fi òótọ́ kan bo òótọ́ kejì mọ́lẹ̀ ni.

(Ẹni tó bá fẹ́ ṣe crossword Yorùbá gidi yóò kọ́kọ́ pinnu nǹkan méjì. Ṣé àpótí kan ni gb yóò gbà, tàbí méjì? Èmi fọwọ́ sí àpótí kan, nítorí lẹ́tà kan ni nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Èkejì ni àmì ohùn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, àpótí mẹ́ta kan náà ni ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tó ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé èrò àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun yóò jọ máa dù.)

Ẹni tó ń ṣe crossword kì í ṣàdédé tàn wá. Nínú ti Amẹ́ríkà, bí ọ̀rọ̀ kan bá fẹ́ ṣeré, wọ́n sábà máa ń fi àmì ìbéèrè sí ìparí rẹ̀, kí á lè mọ̀ pé kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lójú ni kí á ṣe gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní irú kan tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tó jẹ́ pé eré ni gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀. Nínú irú yìí, "flower" lè má jẹ́ òdòdó. "Flow" ni kí nǹkan máa ṣàn, nítorí náà "flower" lè jẹ́ ohun tó ń ṣàn, "flower" ti London a sì di odò Thames. Àwọn tó ń ṣe irú èyí ní òfin. D. S. Macnutt, olùkọ́ èdè Látìn àti Gíríìkì tó ń lo orúkọ Ximenes nínú eré náà, kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1966. Ohun tó ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ: kí ìtumọ̀ ìdáhùn wà nínú ìbéèrè, kí ọ̀nà tí a fi hun ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, kí ohunkóhun mìíràn má sì sí níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, ó mi orí, ó ní irọ́ ni. Mi ò fẹ́ fi ojú kékeré wo ohun tó sọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára. Ó ní irọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ nìkan. Irọ́ ni kí o mú kí ẹlòmíràn gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́, ọ̀nà yòówù kí o gbà. Ẹni tó kọ "flower" mọ̀ pé òdòdó ni màá rò. Ó fẹ́ kí n rò ó. Ìyẹn ni irọ́, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kò jóòótọ́ nínú ohun tó kọ. Ó wá mú àpẹẹrẹ wá láti inú ilé. Màmá bi ọmọ léèrè bóyá ó ti kàwé. Ọmọ ní, "Ẹ mà, láti àárọ̀ ni mo ti ṣí ìwé mi o." Ó ṣí i lóòótọ́. Ó ṣí i sórí tábìlì, ó sì lọ gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka èyí ló mọ ọgbọ́n náà. Àwọn òbí tó ń kà á náà mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn náà ti ṣe ọmọ rí.

Bí ọmọ yìí bá purọ́, tí ó sì jẹ́ pé irú ọ̀rọ̀ tí ó lò ni ẹni tó ń ṣe crossword ń lò, a jẹ́ pé irọ́ ni a ń fi crossword kọ́ ara wa lóòótọ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo rò ó sẹ́yìn, ìdí àlọ́ ni mo sì ti rí ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Kí àgbà tó pa àlọ́ fún wa, ó gbọ́dọ̀ ké "Ààlọ́ o!" Kò ní bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi dáhùn pé "Ààlọ̀!" Ìdáhùn yẹn kì í ṣe ariwo ọmọdé lásán. Àdéhùn ni. Ohun tí à ń sọ ni pé: a gbà, ẹ máa tàn wá. Láti ìgbà náà lọ, bí àgbà bá ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó kan ilẹ̀ tó tún kan ọ̀run, kò sí ọmọ tí yóò dìde pé irọ́ ni, irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kò sí lágbàáyé. Gbogbo wa ń wá ohun tó lè jẹ́. Bí a bá sì wá a títí tí a kò rí i, àgbà yóò sọ fún wa pé òjò ni. Kì í gbé ìdáhùn lọ sùn.

Ẹ wo bí crossword ṣe bá a mu. Ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí nínú ìwé ìròyìn, àpótí funfun àti dúdú rẹ̀, àmì ìbéèrè ìparí rẹ̀, gbogbo wọn ni "Ààlọ́ o!" Ẹni tó mú bírò, òun ló dáhùn "Ààlọ̀!" Ìdáhùn a sì jáde nínú ìwé ìròyìn mìíràn, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè. Ọmọ tó ṣí ìwé sórí tábìlì ńkọ́? Màmá rẹ̀ kò dáhùn "Ààlọ̀" kankan. Òun fúnra rẹ̀ kò sì gbèrò àtisọ ìdáhùn lọ́la. Apàlọ́ ń retí kí á túmọ̀ àlọ́ òun. Bí kò bá sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ rárá, adùn àlọ́ náà kò pé. Ṣùgbọ́n òpùrọ́ ń gbàdúrà kí àṣírí má tú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì lè lò. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ sí wa ni kò jọra.

Àwọn baba wa tilẹ̀ mọ̀ pé eré ọ̀rọ̀ lè gbé òótọ́ tó wúwo. A kọ́ ọ nípa àrokò ní kíláàsì Yorùbá pé bí ẹnì kan bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnìkejì, ẹ̀fà inú rẹ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí onítọ̀hún bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Ìránṣẹ́ tó wà láàárín lè rò pé owó lásán ni òun gbé. Àwọn méjì tó mọ ọ̀rọ̀ kò tan ara wọn rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀, nítorí ẹ̀tàn kan wà tí a kò lè ká lọ́wọ́ kò. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 1996, Amẹ́ríkà ń dìbò yan Ààrẹ. Bill Clinton àti Bob Dole ni àwọn olùdíje méjì tó léwájú. Nínú crossword New York Times ti ọjọ́ náà, èyí tí Jeremiah Farrell, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Butler University ní ìpínlẹ̀ Indiana ṣe, ìbéèrè kan ní kí á sọ ìròyìn tí yóò gba iwájú ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì. Apá méjì ni ìdáhùn náà ní. Apá kejì ni ELECTED, ìyẹn ni pé wọ́n ti yàn án. Apá kìn-ín-ní gba lẹ́tà méje. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ CLINTON sí i, gbogbo rẹ̀ sì bọ́ sí i rẹ́gí. Ni inú bá bí àwọn kan. Báwo ni ìwé ìròyìn ṣe lè kéde ẹni tó wọlé nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì wà lórí ìlà ìdìbò? Wọ́n pe Will Shortz, olóòtú crossword náà, wọ́n sì fi ẹ̀hónú hàn.

Ohun tí wọn kò rí ni pé BOBDOLE náà jẹ́ lẹ́tà méje. Farrell ti ṣe é débi pé ìdáhùn méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹ wo lẹ́tà kìn-ín-ní. Ọ̀rọ̀ tó dábùú rẹ̀ béèrè ẹranko dúdú tí wọ́n máa ń rí nígbà ọdún Halloween. Bí o bá kọ CAT, ológbò, o ti ní C fún Clinton. Bí o bá kọ BAT, àdán, o ti ní B fún Bob Dole. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà méjèèje rí: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ilẹ̀kùn méjì. Mo ti gbìyànjú irú rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́rin péré, ó sì gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko.

Clinton ló wọlé. Ká ní Dole ló wọlé ni, crossword náà ì bá ṣì tọ̀nà. Èyí ló mú mi béèrè pé: ọ̀rọ̀ tí kò lè já sí irọ́ láé, ṣé òótọ́ ni? Èrò tèmi ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó ní òjò yóò rọ̀ lọ́la ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró. Bí òjò kò bá rọ̀, a ó mú un. Ẹni tó ní òjò yóò rọ̀ tàbí kí ó má rọ̀ kò tíì sọ nǹkan kan fún wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè mú un ní òpùrọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, ẹ máa ń gbọ́ ọ kí ẹnì kan sọ pé òun rí ikú gbajúmọ̀ kan, pé kí á gbàdúrà gidigidi kí ó má ṣẹ. Gbajúmọ̀ mélòó ló wà ní Nàìjíríà, oṣù mélòó ló sì wà nínú ọdún? Bí ẹnì kan bá kú, ó ṣẹ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kú, àdúrà ti yẹ̀ ẹ́. CLINTON tọ̀nà, BOBDOLE náà tọ̀nà. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń ríran rí. Irú ọ̀rọ̀ náà ni mò ń sọ, ẹnu yòówù kí ó ti jáde.

Bí a ṣe kan ilẹ̀kùn méjì sí ti Farrell ni a ṣe kan án sí ti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún. Ìyàtọ̀ wọn ni pé Farrell fẹ́ kí o rí ilẹ̀kùn kejì. Ìgbà tí o bá rí i ni eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn, ìgbà náà ni o sì mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ lo fi orúkọ tó wà lọ́kàn rẹ sínú àpótí, kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ti èkejì, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn bá rí ilẹ̀kùn kejì ni ọjà tú.

A tún lè sọ ọ̀rọ̀ olójú méjì láìmọ̀. Leonard Dawe jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì ń ṣe crossword fún ìwé ìròyìn Daily Telegraph. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1944, Utah jáde nínú crossword rẹ̀, lẹ́yìn náà Omaha, Overlord àti Mulberry. Neptune tẹ̀lé e ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni gbogbo wọn fún ìkọlù tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ ṣe sí etíkun Normandy, èyí tó sì wáyé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò wá bá a, wọ́n da ìbéèrè bò ó, wọn kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní ọdún 1984, Ronald French, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà náà, sọ pé ọ̀gá máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to ọ̀rọ̀ sínú àpótí, kí òun tó wá kọ ìbéèrè sí i, àti pé ẹnu àwọn ọmọ ogun tó pàgọ́ sítòsí ilé ẹ̀kọ́ ni òun ti gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣeé gbà gbọ́ lójú tèmi, nítorí mo mọ bí etí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe rí. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn yìí ni pé a kò lè wo ọ̀rọ̀ nìkan kí á mọ̀ bóyá ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Bí Dawe bá jẹ́ amí ni, lẹ́tà kan náà ni ì bá kọ sínú àpótí kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilé wa ni fóònù ìyá ìyá mi. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni owó orí fóònù wọn ti ń lọ láìjẹ́ pé wọ́n pe ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ra káàdì lónìí, tó bá di ọ̀la, ó ti dín. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwa ọmọ. Nígbà tí àbúrò màmá mi tú fóònù náà wò, ó rí àtẹ̀jíṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan tó kí wọn kú oríire, tó ní kí wọ́n tẹ 1 kí wọ́n lè gba ẹ̀bùn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọn yóò máa yọ owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àbúrò màmá mi pe ilé iṣẹ́ náà, tí mi ò ní dárúkọ. Ẹni tó gbé e kò bínú rárá. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní, "Sà, ó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà."

Ó sì wà níbẹ̀. Èyí ló dùn mí jù. Bí a bá fi òfin Ximenes wọ̀n ọ́n, àwọn wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ yege: ìtumọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló ṣẹ́gun níbí yìí, tàbí ká sọ pé òun àti èmi pàdé ní oríta kan náà. Bí ìdáhùn bá tilẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀, ó tún ku ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Bíbélì Yorùbá ni ìyá mi àgbà ń kà, wọ́n sì ń kà á dáadáa ju èmi lọ. Wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì oníkókó wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù mọ̀ pé irú wọn wà níbẹ̀. Kókó wẹ́wẹ́ náà kì í ṣe fún wọn láti kà. Fún ọjọ́ tí ẹnì kan bá pe ilé iṣẹ́ ni.

Crossword New York Times náà kún fún ohun tí mi ò mọ̀: orúkọ àwọn tó ń gbá béésìbọ́ọ̀lù, eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe kí a tó bí mi. Ilẹ̀kùn náà tì mọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tàn mí, nítorí kì í ṣe èmi ni wọ́n ṣe é fún, mo sì lè pa ìwé dé nígbàkúùgbà, kí n lọ jẹun. Ìyá mi àgbà kò rí ìwé kankan tí wọ́n lè pa dé.

Ibì kan kù tí mo ti gbé òṣùwọ̀n mi dé, tí ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Bàbá bàbá mi jáde láyé ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni àbúrò mi ọkùnrin nígbà náà. Wọ́n sọ fún un pé Bàbá rìnrìn àjò. Yorùbá kì í la irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀; a kì í ní ọba kú, a ní ọba wàjà, gbogbo àgbàlagbà ló sì mọ ojú kejì ọ̀rọ̀ náà. Láàárín wọn, àrokò ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin kò dáhùn "Ààlọ̀". Kò mọ̀ pé àlọ́ ni. Ó béèrè bóyá Bàbá yóò ra bọ́ọ̀lù bọ̀, ẹnì kan sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, ó tán. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu kan. Àwọn tó sọ ọ́ fẹ́ kí ó mọ̀. Wọn kò kàn fẹ́ kí ó mọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹkún tó kún ilé. Wọ́n ṣe bíi crossword tí ìdáhùn rẹ̀ ń jáde lọ́la. Ṣùgbọ́n ọ̀la yìí ti pé ọdún méjì. Mo bi màmá mi nípa rẹ̀, wọ́n ní tó bá dàgbà, yóò mọ̀ fúnra rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àgbà tó pa àlọ́ tí ọmọ kò mọ̀ ọ́n kì í dìde lọ kó fi ọmọ sílẹ̀ lójú agbo. Mo rò pé wọn kò purọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, tí kò sí ẹni tó dáhùn, ni mi ò ti mọ orúkọ tí màá pè é mọ́, nítorí ìfẹ́ ló bí i, ọ̀nà tó sì ń tọ̀ jọ ọ̀nà àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí pé ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí níbi tí Bàbá lọ ni. Mo ní kí ó lọ bi Màmá. Ó ní òun ti bi wọ́n, wọ́n ní kí òun wá bi mí.